Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Tí Kò Sí Mọ́

Bí ẹ bá sọ fún bàbá ìyá mi pé òjò máa rọ̀ lọ́la, kò ní wo ojú ọ̀run. Ẹ̀yin ni yóò wò. Yóò gbé ojú kúrò nínú àwo oúnjẹ rẹ̀, yóò sì béèrè pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bí ẹ bá ní rédíò ni, yóò ní ta ló sọ fún rédíò. Ó bi pásítọ̀ wa bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù, ó bi dókítà tó ń tọ́jú ojú rẹ̀, ó sì bi ìyá mi lọ́jọ́ tí ìyẹn sọ pé ó jọ pé mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Láti ìgbà tó ti kú, ohun tó bá wù mí ni mo ń sọ nídìí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè nǹkan kan. N kò mọ̀ pé irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ lè máa dun ènìyàn.

Bàbá Àgbà ni mo ń pè é. Ará Ìyàrà ni, ní ilẹ̀ Okun, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wà lára àwọn tó kó ẹrù wá láti Èkó nígbà tí àwọn ọ́fíìsì ń ṣí wá sí Abuja. Lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, ó wá ń gbé pẹ̀lú ìyá mi àti èmi ní àdúgbò Wuye. Ibi tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ àti ipò tó dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, pẹ̀lú fọ́tò kan tí kò jọ ọ́ rárá. Onífọ́tò ti fi kọ̀ǹpútà dán ojú rẹ̀ títí ó fi dà bíi ti ọmọ tuntun. N kò fẹ́ tún ìyẹn sọ. Àwọn Sátidé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Sátidé kan lóṣooṣù ni ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe àsọyé nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí ọjà Wuye. Ẹgbẹ́ Ìtàn Ilẹ̀ àti Ohun Abẹ̀mí ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn olùkọ́ díẹ̀, àti oníṣègùn eyín kan tó fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́ ju eyín lọ. Lóṣù yìí, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ nípa ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà kí Abuja tó di olú ìlú. Lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ á kan àdán tàbí àwọn òkè olókùúta. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mu sóbò, wọ́n á jẹ kúlíkúlí, wọ́n á sì máa jiyàn títí ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í to àga jọ. Bàbá Àgbà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Ṣolá, ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Bàbá Àgbà ni alága, Bàbá Ṣolá ni akọ̀wé. "Okun o" ni Bàbá Àgbà fi ń kí gbogbo ẹni tó bá wọlé, ì báà jẹ́ Haúsá, ì báà jẹ́ Ìgbò tàbí Gbàgyí. Gbogbo wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn.

Kò sí ohun tí kò lè ṣe nítorí àsọyé. Ìgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ejò, ẹnì kan sì bá a pa paramọ́lẹ̀ kan lẹ́yìn ilé. Àárín ọ̀sẹ̀ ni, Sátidé ṣì jìnnà. Ó wé ejò náà sínú ọ̀rá, ó sì gbé e sínú fíríìsà, láàárín ẹja pánlá àti ata lílọ̀. Ìyá mi ló lọ yọ ẹja. N kò lè kọ gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, torí ọmọ ìjọ ni, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Bàbá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ títí ó fi rẹ ìyá mi. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó rò pé ó máa pẹ̀tù sí i nínú. Ó ní, "Mo sáà kọ orúkọ ejò náà sára ọ̀rá."

Ó tún ní bó ṣe máa ń dúró lójijì. Ẹ lè jọ máa rìn lọ, kí ẹ bojú wẹ̀yìn, kí ẹ wá rí i pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ti dúró, ó ti gbójú sókè. Lọ́jọ́ kan, à ń lọ wọ ọkọ̀ ní Utako, láàárín ariwo àwọn tó ń pe èrò Gwagwalada àti Lọ́kọ́ja, ni ó rí àwòdì kan tó ń rà bàbà lókè ibi tí wọ́n ń ta ẹran. Ó dúró sí àárín ọ̀nà. Àwọn alábàárù ń fi ẹrù tì í, ọ̀kan ń sọ pé, "Kai, Bàbá, ẹ yà lọ́nà." Kò gbọ́. Àwòdì náà já wálẹ̀, ó gbé ìfun lọ lórí tábìlì alápatà, Bàbá Àgbà sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Nígbà tó fi máa fọwọ́ kan àpò, fóònù rẹ̀ ti lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo olè. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Fi í sílẹ̀. Kò mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú."

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rántí jù kò ní ẹ̀rín nínú. Láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, bí ọyẹ́ bá ti dé, ó máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, á ní kí n wọ súwẹ́tà kí n jáde. Àwa méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé. Ọyẹ́ á ti bo gbogbo àdúgbò, a kò ní rí òrùlé ilé tó kọjú sí wa. Ẹyẹ kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ tó le á sì wà lórí ọwọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ béèrè orúkọ ẹyẹ náà, á rọra fún mi lọ́wọ́. Á ní, "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán ná."

Ọyẹ́ ti dé lọ́dún yìí. Mo lọ jókòó síbẹ̀ lánàá, ẹyẹ ń ké dáadáa, n kò sì gbádùn ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó padà wá. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Ohun kan wà tó ṣe tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣì máa ń sọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí á sọ ọ́ níṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí níbí láti dá mi lẹ́kun.

Lórí òkè kan lẹ́yìn Gwagwalada, ó rí àwọn òkúta tí wọ́n tò yípo, àpáta pẹlẹbẹ kan tí ọmọ ọlọ ti jẹ kòtò sí lára, àti àpáàdì káàkiri ilẹ̀. Kò sí ilé, kò sí ènìyàn, koríko ti bo gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ó dá a lójú pé ibùgbé àwọn ará ayé àtijọ́ ni, àwọn tó ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ó lọ síbẹ̀ léraléra, ó ya fọ́tò, ó kàwé, ó sì kó àpáàdì wálé títí ìyá mi fi ń wọ bàtà rìn nínú pálọ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ òkè náà. Ó ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí, àlejò bíi tiwa ni wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀? Ẹni tó ń bi gbogbo ayé pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, kò bi ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ àsọyé náà, gbọ̀ngàn kún. "Àwọn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rántí Mọ́" ni àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń fi àwòrán hàn lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé pé ojúbọ ni òkúta tó yípo yẹn, pé ó ní láti jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọrọ òjò. Kálukú ń mi orí. Èmi náà mi orí pé òótọ́ ni. Nígbà náà ni obìnrin kan dìde láàárín èrò. A kò mọ̀ ọ́n rí. Oníṣègùn eyín ló pè é wá. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Gbàgyí, ó sì gbọ́ Yorùbá nítorí Ìlọrin ló ti kàwé. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Màmá Adájọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí àwòrán yẹn," ó ní. "Ilé ìdáná ìyá mi nìyẹn."

Ó ní òkúta tó yípo náà, ìdí ògiri ni. Ó ní òun máa ń lọ ọkà bàbà lórí àpáta pẹlẹbẹ yẹn kí òun tó lọ sílé ìwé, àti pé etí rẹ̀ tó kán, àbúrò òun ló ju òkúta lù ú. Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú ìlú, wọ́n kó àwọn kúrò níbẹ̀, ìyá òun kò sì rí àpáta tó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Ìgbà tó dé orí àkọlé ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ ní ẹnikẹ́ni kò rántí wa mọ́. Èmi rántí. Ṣé òkú ni mí ni?"

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Àgbà. Mo mọ ìbéèrè rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó máa bi í. Kò bi í. Ó di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ ìyá yín?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Bàbá Àgbà pè é, kò pè é dáadáa, ó ní kí ó tún un pè fún òun, ó sì ń tẹ̀ lé e títí ó fi tọ̀nà. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, torí ti ẹbí wọn ni. Màmá Adájọ́ gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde láìmu sóbò.

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Ìwé pélébé tí wọ́n máa ń tẹ àwọn àsọyé sí ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà ló sì wà níwájú. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ṣolá wá sílé wa. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé gbólóhùn kan péré ni kí wọ́n fi kún un nísàlẹ̀, pé àwọn kan ní èrò mìíràn. Ó ní bí alága bá lọ ń ta ko ara rẹ̀ ní gbangba, ta ni yóò tún gba ẹgbẹ́ gbọ́? Ó ní kó ro iṣẹ́ tí àwọn ti ṣe kí orúkọ ẹgbẹ́ tó dé ibi tó dé. N kò tíì gbọ́ kí Bàbá Àgbà gbóhùn sókè bẹ́ẹ̀ rí. "Èèyàn tó wà láàyè ni mo sọ di òkú, Bàbá Ṣolá. Ibi tí ìyá ẹlòmíràn ti ń se ọbẹ̀ ni mo pè ní ojúbọ." Ọwọ́ rẹ̀ gbá ife tíì, ó fọ́ yángá. Bàbá Ṣolá dìde, ó mú fìlà rẹ̀, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Ìyá mi ṣa àfọ́kù ife nílẹ̀, ó sì bi bàbá rẹ̀ pé kí ló wá fẹ́ ṣe báyìí. Ó ní, "Màá tún un sọ."

Kó tó lè tún un sọ, ó ní láti lọ bá Màmá Adájọ́. Ó lọ sí ilé rẹ̀ ní Gwagwalada, wọ́n ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi. Ìgbà tó tún lọ, mo bá a lọ. Màmá Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló wá sí ẹnu géètì, ó sì béèrè ohun tí a wá ṣe. Bàbá Àgbà kò sọ àwíjàre kankan. Ó ní òun wá béèrè ohun tó yẹ kí òun ti béèrè kí òun tó gun òkè. Màmá Adájọ́ wò ó dáadáa, ó wo bàtà rẹ̀ tó ti kún fún eruku, ó sì ṣí géètì. Òun ló wá ń bi í ní ìbéèrè fún ìgbà pípẹ́, Bàbá Àgbà ń dáhùn bí ọmọ ilé ìwé.

Bàbá Àgbà pe gbogbo ẹni tó wá síbi àsọyé àkọ́kọ́ lórí fóònù, pé kí wọ́n tún wá. Àwọn tí fóònù wọn kò lọ, ó wá wọn délé. Ìyá mi ní kó kàn fi àtúnṣe kékeré sórí Wáàsáàpù ẹgbẹ́, ó ní rárá. Ó ní, "Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ."

Àwòrán kan náà ló fi hàn, àkọlé nìkan ló yọ kúrò. Màmá Adájọ́ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti gbé àwòrán kan sára ògiri, á sọ ohun tó sọ nígbà àkọ́kọ́, á ní kò rí bẹ́ẹ̀, á sì yíjú sí i. Màmá Adájọ́ á wá sọ ibi tí wọ́n máa ń so ewúrẹ́ mọ́, ibi tí wọ́n bí àbúrò rẹ̀ sí, ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé dàwàdáwà, ìyẹn irú, pamọ́ sí kí ọmọ má bàa rí i. Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni kò wo ògiri mọ́, òun ni a ń wò. Bàbá Ṣolá kò wá lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà, Màmá Adájọ́ ní kí gbogbo wa tẹ̀ lé òun lọ wò ó. A gun òkè náà lówùúrọ̀, Bàbá Àgbà ń mí gúlegúle lẹ́yìn wa. Bí a ṣe débẹ̀, kálukú ya wọ àárín òkúta, a ń tẹ ibí, a ń tẹ ọ̀hún, oníṣègùn eyín ń wá ọ̀pọ̀lọ́. Bàbá Àgbà nìkan ni kò wọlé. Ó dúró síta, níwájú ibi tí àlàfo wà láàárín òkúta méjì, ó sì ṣí fìlà.

"Àgò o," ó ní.

Màmá Adájọ́ yíjú padà. Ó wò ó pẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko.

"Àgò yà, Bàbá," ó ní. "Ẹ máa wọlé."

Ó wọlé. Ó tẹrí ba díẹ̀ bó ṣe ń kọjá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àtẹ́rígbà kan òun lórí. Àwa tí a ti wà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a kágò, a sì tún wọlé.

Ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Màmá Adájọ́ wà lára àwọn tó sùn tì wá nílé. Bàbá Ṣolá, tí wọ́n ti jọ parí ìjà tipẹ́, kò lè dúró lẹ́bàá ibojì.

Lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ fi àsọyé wọn rántí rẹ̀, Bàbá Ṣolá ló sì sọ̀rọ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ó gbé fọ́tò tí wọ́n dán yẹn sára ògiri. Ó ní ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bínú, kì í gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni, kì í ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kálukú ń mi orí. Mo ń wo ògiri náà, mo sì rí i pé wọ́n ti ń mú un lọ mọ́ mi lọ́wọ́, pé tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ẹni orí ògiri yìí ni gbogbo ayé máa mọ̀, tèmi á ti parẹ́. Mo dìde. Ìyá mi fà mí láṣọ, n kò jókòó.

"Ẹ má bínú, Bàbá," mo ní. "Ó máa ń bínú. Ẹ̀yin gan-an ló pariwo mọ́, nínú pálọ̀ wa."

Bàbá Ṣolá yọ awò ojú rẹ̀. Mo rò pé mo ti dá wàhálà sílẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Òótọ́ ni. Ó fọ́ ife." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí n wá síwájú, kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo lọ. Mo sọ ti ejò inú fíríìsà, mo sọ ti àwòdì, mo sì sọ ti òkè náà. Mo ní nígbà tó wọ ilé ìdáná náà, ó lọ tààrà sí ìdí àpáta pẹlẹbẹ, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníṣègùn eyín ní rárá, ó ní ó dúró ni, ó fọwọ́ kan àpáta náà nìkan. Mo ní ó jókòó. Màmá Adájọ́ ní òun kò lè sọ, torí ẹkún ni òun ń sun nígbà yẹn. Ìyá mi kò bá wa lọ. Mo rántí kedere pé ó jókòó, oníṣègùn eyín sì rántí kedere pé ó dúró.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó máa tán ní ìṣẹ́jú kan. Mo yíjú sí ibi tí alága máa ń jókòó, mo ti la ẹnu láti bi Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀. Alága tuntun wò mí, ó sì ń dúró kí n sọ̀rọ̀.